Ṣókí Ní Kí N Tì Í

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kó kúrò lọ́kàn mi. Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú èèyàn tí àbúrò màmá mi jẹ́, ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè kan, kẹ́ ẹ wá fìdí kalẹ̀ sórí àga, torí ẹ ó jókòó pẹ́. Nígbà tí ìdáhùn bá máa jáde, kò ní ju ọ̀rọ̀ méjì lọ, ìkejì gan-an sì lè má pé. Ọdún kọkànlélọ́gbọ̀n wọn rèé lẹ́nu iṣẹ́ okùn fóònù, àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn sì ti sọ wọ́n ní Ṣókí láti ìgbà tí èmi ṣì wà nílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀ lójú o. Èmi ń pè wọ́n ní Bùọ̀dá nílé, mo ń pè wọ́n ní Ọ̀gá níbi iṣẹ́, tí inú bá sì ń bí mi, Ṣókí náà ni.

Inú kòtò ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Kòtò waya fóònù àtijọ́ ni wọ́n ń gbẹ́ nígbà náà. Nígbà tí fáìbà dé, àwọn àgbà ibi iṣẹ́ ń sá fún un, torí okùn gíláàsì tó tín-ín-rín bí irun orí ni, inú ẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá, inú ìmọ́lẹ̀ yẹn ni ìpè, àwòrán àti gbogbo ẹjọ́ tí ayé ń rò sì wà. Bùọ̀dá ni kò sá. Wọ́n kọ́ bí èèyàn ṣe ń gé e, bí wọ́n ṣe ń nù ún, bí wọ́n ṣe ń fi iná jó orí méjì pọ̀ tí ìmọ́lẹ̀ ò fi ní mọ̀ pé oríkèé kan wà níbẹ̀. Ẹ wo iṣẹ́ Ọlọ́run: ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ ló ń so ọ̀nà ọ̀rọ̀.

Ìyàwó wọn ló sọ fún wa pé ọjọ́ tí Bùọ̀dá wá dẹnu ìfẹ́ kọ òun, ohun tí wọ́n sọ ni pé, "Ṣé ká ṣe é?" Òun ní, "Ká ṣe kí ni?" Bùọ̀dá bá dìde, wọ́n gbé fìlà wọn, wọ́n lọ sílé. Ó di ọ̀sẹ̀ kejì kí wọ́n tó padà wá sọ ìyókù. Nígbà tí bàbá mi kú, gbogbo ẹbí rọ́ dé, wọ́n bá wa kẹ́dùn títí ẹnu wọn fi gbẹ. Bùọ̀dá ò sọ nǹkan kan. Wọ́n gun òrùlé wa, wọ́n dí ibi tó ń jò, wọ́n sọ̀kalẹ̀, wọ́n fọwọ́ kàn mí lórí, wọ́n bá tiwọn lọ. Tí èèyàn bá ní kí wọ́n máa sọ̀rọ̀ bí ọmọ aráyé, wọ́n á ní, "Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí." Wọn ò jẹ́ fi kún un láéláé pé bó bá dénú ẹ̀ á di odidi. Òwe náà gan-an, àbọ̀ ni wọ́n ń pa.

Èmi ò sí nínú kòtò ní tèmi. Yàrá kan lókè àjà kejì ni mo wà, tábìlì méjì, kọ̀ǹpútà mẹ́fà, ẹ̀rọ amúlétutù kan tó ń sunkún sínú garawa, fèrèsé tí a fi páálí dí kí oòrùn má baà ta sójú kọ̀ǹpútà. Iṣẹ́ mi ni kí n máa ṣọ́ ìmọ́lẹ̀ láti àárọ̀ dìrọ̀lẹ́. Ọdún márùn-ún ni mo fi ṣe é gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́ onígbà-díẹ̀, tí wọ́n ń tún ìwé mi ṣe lọ́dọọdún, tí n ò lè fọwọ́ sọ̀yà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré ló kù kí wọ́n sọ mí di òṣìṣẹ́ gidi. Tí àṣìṣe ńlá kan bá wáyé lọ́wọ́ mi kó tó dìgbà náà, ẹnu géètì ló kàn. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ìmọ́lẹ̀ tí à ń ṣọ́ yìí, ilé-iṣẹ́ mẹ́ta ló pín in gbé. Ilé-iṣẹ́ kìíní gbé e láti etí òkun dé ẹnu géètì wa. Àwa gbà á níbẹ̀, a gbé e la àárín ìlú kọjá dé ẹsẹ̀ òkè. Ilé-iṣẹ́ kẹta gbà á lọ́wọ́ wa, ó gbé e lọ sí ìlú ńlá tó wà lẹ́yìn òkè. Kálukú ló ń ṣọ́ àárín tiẹ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ṣe ń wọlé sọ́dọ̀ wa, ẹ̀rọ wa á lẹ àmì wa mọ́ ọn. Bó bá ṣe ń jáde, ẹ̀rọ kejì á wò ó bóyá àmì yẹn ṣì pé. Tí kò bá pé, ọwọ́ wa ló ti bàjẹ́ nìyẹn, ẹ̀rọ á sì fò láti ọ̀nà kìíní bọ́ sí ọ̀nà kejì kí ẹ tó ṣẹ́jú. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé ó ti bàjẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, ẹ̀rọ ò ní mira. Ó mọ ìjà tí kì í ṣe tiẹ̀. Mo mọ ẹbí tí kò gbọ́n tó ẹ̀rọ yẹn.

Ọ̀nà kìíní wa gba ẹ̀gbẹ́ títì ńlá. Ọ̀nà kejì gba ẹ̀yìn ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta láyé àtijọ́, níbi tí koríko ti bo gbogbo ẹ̀. Iṣẹ́ méjì ló sì wà tí àwọn tó wà nínú kòtò lè ní kí n fọwọ́ ara mi ṣe fún ẹ̀rọ. Tí wọ́n bá fẹ́ tú ọ̀nà kìíní, màá ti ìmọ́lẹ̀ lọ sí ọ̀nà kejì, kí wọ́n lè ṣiṣẹ́ wọn láìdí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Tó bá jẹ́ ọ̀nà kejì ni wọ́n fẹ́ tú, màá ti ọ̀nà kejì pa, kí ẹ̀rọ má lọ fò síbẹ̀ nígbà tí ẹnì kan ṣì ń fojú wo ẹnu fáìbà.

Ẹ ti rí wàhálà ibẹ̀ báyìí. Tì ni ìkíní, tì náà ni ìkejì. Ẹni tó bá ní kó o ti ilẹ̀kùn, ṣé kó o tì í kó ṣí ni, àbí kó o tì í kó pa dé? Ojú lọ̀rọ̀ wà. Tí a bá jọ wà nínú yàrá kan, màá wojú ẹ, màá mọ̀. Fóònù ò lójú. Ìdí nìyẹn tí gbogbo wa fi fẹnu kò pé "tì í lọ" ni ti ìkíní, "tì í pa" ni ti ìkejì. Gbogbo wa, àfi ẹnì kan. Ẹ ò sì ní bi mí léèrè pé ta ni.

Òfin kan tún wà lára ògiri, lẹ́tà pupa ni wọ́n fi kọ ọ́: ẹni tó bá ní ká tì í, òun nìkan ló lè ní ká ṣí i. Nítorí ojú àwọn tó wà nínú kòtò ni, torí ìmọ́lẹ̀ inú fáìbà lè fọ́ ojú ẹni tó bá ń wò ó.

Ọjọ́rú lọ́rọ̀ ṣẹlẹ̀. Ìwé iṣẹ́ tó wà níwájú mi sọ pé Bùọ̀dá àti àwọn méjì tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ń lọ tú ọ̀nà kejì, lẹ́yìn ibi òkúta, ní aago mẹ́wàá. Ohun tí ìwé ò mọ̀, tí èmi náà ò mọ̀, ni pé katakata tó ń mú títì ńlá gbòòrò ti ha okùn ọ̀nà kìíní lára láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Bùọ̀dá rí i, wọ́n sì pinnu pé ìyẹn ló yẹ káwọn kọ́kọ́ tún ṣe kó tó já fúnra ẹ̀. Ìpinnu tó dáa ni. Kí ló wá dé tí ẹni tó ṣèpinnu tó dáa ò lè sọ ọ́ fún ẹ̀dá alààyè kankan?

Fóònù dún. Mo gbé e.

"Ẹ káàárọ̀ sà. Ṣé ẹ ti débẹ̀?"

"Tì í."

Ó tán. Wọ́n ti pa fóònù. Kò sí "lọ," kò sí "pa," kò sí "o ṣé." Mo yọ fóònù létí, mo wò ó bíi pé òun ló ṣẹ̀ mí. Inú bí mi gidigidi. Mo wo ìwé: ọ̀nà kejì. Mo ti ọ̀nà kejì pa. Mo kọ àsìkò sílẹ̀, mo sì lọ po tíì.

Ìṣẹ́jú mẹ́rin lẹ́yìn náà, ojú kọ̀ǹpútà mi pọ́n láti òkè délẹ̀. Gbogbo ohun tó ń gba ọ̀dọ̀ wa kọjá ló kú lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀rọ ń kọ ọ́ sójú kọ̀ǹpútà pé àmì òun ò pé mọ́, pé òun fẹ́ fò sí ọ̀nà kejì, pé wọ́n ti ọ̀nà kejì pa. Ó ń kọ ọ́ lákọtúnkọ. Ọkùnrin kan láti ilé-iṣẹ́ kẹta pè mí, ó ń pariwo, "Ẹ̀yin ni o, mádàámú! Àmì tiwa pé ṣáṣá, inú tiyín ló ti bàjẹ́!" Mo ní mo ti rí i. Ó ní tí mo bá ti rí i kí ni mò ń wò? Ó ní ilé-ìwòsàn kan lẹ́yìn òkè ń dúró de àwòrán agbárí ẹnì kan, dókítà sì ti wọ ìbọ̀wọ́.

Èrò mi nígbà náà ni pé katakata ti já ọ̀nà kìíní ní ẹ̀gbẹ́ títì, nígbà tí Bùọ̀dá wà ní ìdí ọ̀nà kejì tí wọ́n sì ti tú u. Tí mo bá ṣí i, ṣé kì í ṣe ojú àbúrò màmá mi ni màá fi ṣeré? Mo pè wọ́n. Kò sí ìdáhùn. Mo tún pè. Ìgbà mọ́kàndínlógún ni mo pè wọ́n láàárín ìṣẹ́jú mọ́kànlá. Wọn kì í gbé fóònù wọ kòtò, ṣé ẹ rí i, nítorí pé ó máa ń da àwọn láàmú. Inú àpótí irinṣẹ́ ló wà, tó ń dún fún ìjókòó ọkọ̀.

Ẹlẹgbẹ́ mi tó wà ní tábìlì kejì ní, "Ṣí i!"

Mo ní, "Òfin ńkọ́?"

"Ṣí i jàre! Ṣé òfin ló máa bá wọn ya àwòrán agbárí ni?"

Mo rú òfin. Mo ṣí i. Kíá, àwọ̀ ewé padà sójú kọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ ti fò sí ọ̀nà kejì, ọ̀nà kejì sì mọ́ tónítóní bíi pé kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án rí. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án lóòótọ́, pé ọ̀nà kìíní ni Bùọ̀dá gé.

Lẹ́yìn bí wákàtí kan, Bùọ̀dá jáde nínú kòtò, wọ́n rí ìpè mọ́kàndínlógún, wọ́n pè mí. "Kí ló dé?"

Háà! Kí ló dé! Mo ní, "Ẹ ní kí n tì í!"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Mo tì í!"

"O ò tì í."

"Mo ní mo tì í, sà!"

"Tó o bá tì í, kò ní kú."

Ẹlẹgbẹ́ mi ti dojú bo tábìlì, èjìká ẹ̀ ń mì. Ẹ̀rín ló ń rín, òṣì! Èmi fẹ́ ké. Àwa méjèèjì ń sọ òótọ́, a sì ń jà lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Bùọ̀dá wá ní, "Họ̀wù," wọ́n sì pa fóònù.

Lọ́jọ́ kejì mo gba ìwé wá-wí-tẹnu-rẹ. Ẹ̀sùn méjì: mo ti ohun tí kò yẹ kí n tì, mo sì ṣí ohun tí n kò láṣẹ láti ṣí. Ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́fà máa jókòó lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Tí ẹ̀bi bá já lé mi lórí, iṣẹ́ ọdún márùn-ún ti lọ. Tó bá já lé Bùọ̀dá lórí, wọ́n á kọ ọ́ sínú ìwé wọn, ẹni tó jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá péré ló kù kí wọ́n fẹ̀yìntì.

Ẹ ò ní gbàgbọ́ pé màmá mi ti gbọ́ kí n tó délé. Wọ́n ti jókòó sí pálọ̀ dè mí.

"Ìwọ ọmọ yìí, jókòó. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni àbúrò mi fi ṣiṣẹ́ yìí, kò sí àbààwọ́n kankan lára ìwé ẹ̀. Ṣé ìwọ lo máa wá fi ẹrẹ̀ yí i? Sọ pé o ò gbọ́ dáadáa."

"Mo gbọ́ dáadáa, Màmá."

"Sọ pé etí ń dùn ẹ́."

"Etí ò dùn mí! Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi pé àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà yín wà lọ́jà o, orí tèmi ló ń wọ́ yìí."

"Ọmọdé ni ẹ́. O máa ríṣẹ́ míì."

"Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógójì ni mí, Màmá!"

Wọ́n pòṣé, wọ́n ní ẹni tó bá bímọ tó lẹ́nu bí èyí, ọ̀tá wo ló tún ń wá kiri. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọ egungun. Kì í ṣe pé n ò fẹ́ràn Bùọ̀dá. Ohun tó ń ká mi lára ni pé gbogbo ayé gbà pé bí Ṣókí bá fẹnu rẹ̀ pamọ́, ẹlòmíì ló yẹ kó lọ fi ara rẹ̀ san án. Ìyàwó wọn ti ń bá wọn sọ ọ́ láti ọjọ́ ìgbéyàwó. Èmi náà ni wọ́n wá fẹ́ kí n máa bá wọn sọ ọ́ níwájú ìgbìmọ̀.

Mo lọ bá Bùọ̀dá fúnra wọn ní yàrá irinṣẹ́. Wọ́n ń nu abẹ tí wọ́n fi ń gé fáìbà.

"Bùọ̀dá, kí lẹ fẹ́ sọ fún ìgbìmọ̀?"

Wọ́n gbé abẹ náà sókè sí ìmọ́lẹ̀, wọ́n wò ó. "A ó rí i."

A ó rí i! Mo yí padà, mo sì pa ilẹ̀kùn dé gbàgà. Tàbí kí n sọ pé mo tì í.

Ọjọ́ ìgbìmọ̀ pé. Tábìlì gígùn kan, ìgò omi mẹ́fà, fáànù tó ń ṣe ká-ká-ká. Alága jẹ́ obìnrin kan láti ẹ̀ka míì, ó fi okùn so awò ojú mọ́ ọrùn, ohùn ẹ̀ sì tutù. Odindi wákàtí kan ni àwọn yòókù fi ń bi mí nípa tíì. Kí ló dé tí tíì fi wà lórí tábìlì? Ṣé mo ti ń po tíì kí ojú kọ̀ǹpútà tó pọ́n, tàbí lẹ́yìn rẹ̀? A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá, ìyẹn gan-an sì ni àwọn èèyàn yìí ń ṣe, pẹ̀lú bírò lọ́wọ́. Bùọ̀dá jókòó sí òdìkejì mi, wọ́n ká ọwọ́ sórí itan, wọ́n wọ kóòtù tí wọ́n fi ṣègbéyàwó.

Níkẹyìn, Alága ní kí wọ́n gbé ohùn tí ẹ̀rọ gbà sílẹ̀ jáde. Gbogbo rẹ̀ ò ju ìṣẹ́jú-ààyá mẹ́fà lọ. Ohùn mi: "Ẹ káàárọ̀ sà. Ṣé ẹ ti débẹ̀?" Ohùn wọn: "Tì í." Alága bi àwọn ìgbìmọ̀ léèrè lọ́kọ̀ọ̀kan pé ká ní àwọn ni wọ́n wà lórí àga mi, kí ni wọ́n máa ṣe. Méjì ní àwọn á ti ìmọ́lẹ̀ lọ. Méjì ní àwọn á ti ọ̀nà pa. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara wọn jà níbẹ̀, "Tì í kẹ̀!" "Tì í ni mo wí!" Èmi ní, Olúwa o ṣeun. Ìkarùn-ún, ọkùnrin kan tí kò tíì sọ̀rọ̀ láti àárọ̀, ní òun á pè padà kí òun béèrè.

Alága yíjú sí mi. "Kí ló dé tí ẹ ò pè padà?"

Mo ní, "Ọ̀gá yìí kì í tún ọ̀rọ̀ sọ, mà. Gbogbo ilé-iṣẹ́ ló mọ̀. Tẹ́ ẹ bá pè wọ́n padà, wọ́n á ní ṣé ẹ̀yin kì í ṣe ọmọlúàbí ni. Ẹ bi ẹnikẹ́ni. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni kí wọ́n máa sọ fún ọmọlúàbí nílé, kí wọ́n má sọ ọ́ fún ẹ̀rọ!"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Alága ò rín. Ó ní kí wọ́n tún ohùn náà gbé jáde lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ohun tí n ò tíì sọ fún yín nìyí. Ní ìgbà kejì yẹn, mo gbọ́ ọ. Lẹ́yìn "Tì í," kí fóònù tó kú, họ́ọ̀nù ọkọ̀ ńlá kan fọn, fọ̀ọ̀ọ̀, òmíràn sì dá a lóhùn. Ọkọ̀ kankan kì í gba ẹ̀yìn ibi òkúta. Ẹni tó bá ń gbọ́ họ́ọ̀nù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìdí títì ńlá ló wà, ìdí ọ̀nà kìíní. Ó sì yé mi níbi tí mo jókòó sí pé kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa gbọ́ ọ nìyí. Mo gbọ́ ọ lọ́jọ́rú náà. Ọkàn mi sọ ọ́ fún mi pé, "Ọkọ̀ kẹ̀? Níbi òkúta?" Mo dá ọkàn mi lóhùn pé kí Ṣókí lọ gba èrè ẹnu ẹ̀, èmi ò ní pè wọ́n padà kí wọ́n tún gé ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Mo sì lọ po tíì. Inú tó ń bí mi ló ṣe é, kì í ṣe ìwé iṣẹ́.

Mo gbójú sókè. Bùọ̀dá ń wò mí. Ẹni tó ti lo ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n lẹ́bàá títì, ṣé ẹ rò pé kò ní mọ ohùn họ́ọ̀nù? Wọ́n gbọ́ ọ. Wọ́n sì rí i lójú mi pé mo gbọ́ ọ. Ẹ̀rù bà mí. Ọ̀rọ̀ kan péré lẹ́nu wọn, iṣẹ́ mi ti parí.

Alága ní, "Ọ̀gá, ṣé nǹkan míì wà nínú ohùn yìí tó yẹ ká gbọ́?"

"Kò sí."

"Kí ni ẹ ní lọ́kàn tí ẹ fi ní kó tì í?"

Bùọ̀dá dìde. Wọn kì í dìde láti sọ̀rọ̀. Wọ́n ní, "Kó ti ìmọ́lẹ̀ lọ ni. Mo yí ibi iṣẹ́ padà láàárọ̀, n ò sọ fún un. Ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló tẹ̀lé. Èmi ni mo jẹ ìyókù ọ̀rọ̀ náà. Ẹ̀bi mi ni." Wọ́n jókòó. Láyé mi, n ò tíì gbọ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀ tó gùn tó yẹn. Kò sí ẹyọ irọ́ kan nínú ẹ̀, kò sì pé.

Ìdájọ́ jáde lọ́jọ́ kẹta. Wọ́n kọ orúkọ Bùọ̀dá sínú ìwé àbààwọ́n, wọ́n gba àṣẹ kòtò lọ́wọ́ wọn, wọ́n ní kí wọ́n lọ lo ọ̀sẹ̀ tó kù ní ilé ìkẹ́rùsí, kí wọ́n máa to àgbá okùn. Ẹni tó mọ fáìbà jù lọ nínú gbogbo wa! Wọ́n ní a ò gbọdọ̀ sọ "tì" lórí fóònù mọ́, "sún un lọ" tàbí "pa á dé" ni kí á máa sọ. Ní ti èmi, wọ́n ní mo tẹ̀lé ìwé, wọ́n sì ní rírú tí mo rú òfin ló gba ilé-ìwòsàn là. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún lẹ́yìn náà, ìwé òṣìṣẹ́ gidi bọ́ sí mi lọ́wọ́. Màmá mi wò ó, wọ́n dá a padà fún mi, wọ́n ní, "O ṣeun." Àwọn tó bá ní ìyá bíi tèmi mọ irú "o ṣeun" bẹ́ẹ̀.

Mo mú ìwé náà lọ sílé Bùọ̀dá ní ọ̀sán Sátidé. Wọ́n wà ní ìta, wọ́n ń to àga onírin kan tó ti ṣẹ́ pọ̀. Wọ́n ka ìwé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọ́n fọwọ́ tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, wọ́n dá a padà. "Ó dáa."

N ò lè mú un mọ́ra mọ́. Mo ní, "Bùọ̀dá, ẹ gbọ́ họ́ọ̀nù yẹn."

"Mo gbọ́."

"Ẹ mọ̀ pé èmi náà gbọ́ ọ lọ́jọ́rú yẹn, tí n ò kà á sí."

"Mo mọ̀."

"Kí ló wá dé tẹ́ ò sọ ọ́? Ẹ wo ibi tí wọ́n gbé yín jù sí! Kí ló dé, ẹ jọ̀ọ́, tí ẹ kì í sọ nǹkan? Ọ̀rọ̀ kan, Bùọ̀dá! Ẹyọ ọ̀rọ̀ kan, ẹ̀bi náà ì bá pín sí méjì!" Mo ń pariwo. Àwọn aládùúgbò ti ń yọjú.

Bùọ̀dá gbé òòlù sílẹ̀. Inú ò bí wọn, ìyẹn gan-an ló sì burú jù. Wọ́n wò mí fún ìgbà pípẹ́, bí wọ́n ṣe máa ń wo ẹnu fáìbà kí wọ́n tó fi iná sí i.

"Ìwọ ńkọ́?" ni wọ́n wí.